Fláàṣì òpùrọ́ àti agolo mílíìkì

Ẹ jẹ́ n sọ èyí tó ṣẹlẹ̀ sí mi lóṣù kọkànlá ọdún 2025, ojú ṣì ń tì mí díẹ̀ tí mo bá rántí ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń tún láptọ́ọ̀pù ṣe bíi tèmi lè rí nǹkan mú níbẹ̀. Mo ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan n'Ìgbònà, l'Óṣogbo níbí, yàrá kan péré, tábìlì méjì, ọmọ iṣẹ́ kan, àti jẹnẹrétọ̀ kékeré tí ariwo ẹ̀ ju iná tó ń gbé lọ.

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé 14 oṣù kẹwàá ọdún yẹn ni Microsoft ṣíwọ́ lára Windows 10. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé láptọ́ọ̀pù àwọn máa kú lọ́jọ́ náà ni, irọ́ ni o, kò kú, àpdéètì ààbò tó ń wọlé lóṣooṣù ló dúró fún ẹni tí ò bá forúkọ sílẹ̀ fún àfikún. Àmọ́ ta ló fẹ́ gbọ́ àlàyé. Ńṣe ni wọ́n ń kó ẹ̀rọ wá lọ́tùn-ún lósì, "bá mi fi Windows 11 sí i", tí mo bá yẹ̀ ẹ́ wò mo á rí i pé ìdajì wọn ò yẹ fún un rárá, torí Windows 11 fẹ́ TPM 2.0, ìyẹn ẹ̀yà ààbò kan tó wà nínú ẹ̀rọ, ó fẹ́ ráàmù 4GB ó kéré tán, ó fẹ́ àyè 64GB, prósẹ́sọ̀ náà sì gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé wọn. Ẹni tí mo bá sọ fún pé tiẹ̀ ò yẹ, á wò mí bíi pé èmi ni mo ṣe òfin.

Màmá kan wà tó ń ṣe àdìrẹ lápá Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, Màmá Aláró la máa ń pè wọ́n. Ẹ ò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ béèrè ìdí, ọwọ́ wọn méjèèjì dúdú mọ́ aró títí dé ìgbọ̀nwọ́, kódà kíbọ́ọ̀dù láptọ́ọ̀pù wọn gan-an, àwọn bọ́tìnnì àárín yẹn ti ní àwọ̀ aró lára. Ọmọ wọn tó wà ní Kánádà ló ra láptọ́ọ̀pù náà fún wọn nígbà tó wá sílé, òun náà ló tò ó. Inú ẹ̀ ni gbogbo àwòrán bátànì wọn wà, orúkọ oníbàárà, ẹni tó jẹ wọ́n lówó àti iye tó jẹ. Tiwọn yẹ fún Windows 11 dáadáa. Ọmọ àdúgbò kan ló bá wọn tẹ̀ ẹ́ pé kó bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè láti 10 sí 11, ó ti rìn jìnnà, bẹ́ẹ̀ bátìrì ẹ̀ ti kú tipẹ́, iná tààrà ló ń jẹ. NẸ́PÀ bá mú iná lọ.

Nígbà tí wọ́n máa tàn án padà, ojú búlúù ló kí wọn, pé ẹ̀rọ yín nílò àtúnṣe, 0xc000000f. Ìtumọ̀ ìyẹn ni pé fáìlì tó ń júwe fún ẹ̀rọ ibi tí Windows wà, BCD, ó ti bàjẹ́ tàbí kò rí i. Windows fúnra ẹ̀ lè wà níbẹ̀ láìsí nǹkankan tó ṣe é, bí ilé tí wọ́n kàn yọ pátákó ojú títì ẹ̀ kúrò.

Túsìdeè ni wọ́n gbé e wá. Mo ní, "Mọ́mì, ẹ fọkàn balẹ̀, kí ilẹ̀ ọ̀la tó ṣú ẹ máa gbà á." Ẹnu mi yẹn.

Kí n tó tẹ̀síwájú, ó ní nǹkan kan tí mi ò kì í ṣe láyé mi mọ́, ohun náà ni kí n fọwọ́ kan díìsìkì tí dátà oníbàárà wà lára ẹ̀ kí n tó mọ ohun tí mo ń ṣe. Ọdún 2019 ló kọ́ mi. Mo ṣì ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá mi ní Old Garage nígbà náà, ayàwòrán kan gbé láptọ́ọ̀pù wá pé kí a bá òun fi Windows tuntun sí i, ẹ̀rọ náà ń sọ fún wa pé díìsìkì yìí jẹ́ MBR, ọ̀nà àtijọ́ tí wọ́n fi ń pín díìsìkì, Windows ò ní wọ̀ ọ́ àfi tó bá di GPT, ìyẹn ọ̀nà tuntun. Mo ti rí ọ̀gá tó ń ṣe é, mo tẹ Shift pẹ̀lú F10, ojú dúdú jáde, mo wọ diskpart, irinṣẹ́ tó ń pín díìsìkì tó sì lè nù ún, mo tẹ list disk, méjì ló jáde, mi ò ka iye GB tó wà níwájú wọn, mo kàn tẹ select disk 1, mo tẹ clean. Ẹ gbọ́, clean kì í béèrè pé "ṣé ó dá ẹ lójú?" Kò tó ìṣẹ́jú àáyá méjì tó fi ní òun ti ṣe é tán. Disk 0 ni ti inú láptọ́ọ̀pù. Disk 1 ni díìsìkì ìta tí ọkùnrin náà gbàgbé sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, ìgbéyàwó èèyàn mẹ́ta ló wà lórí ẹ̀. Ọ̀gá mi lo sọ́fútíwià fi wá díẹ̀ padà, ṣùgbọ́n ìyàwó kan wà nínú àwọn mẹ́ta yẹn tí kò ní fọ́tò ibi tí wọ́n ti ń fi òrùka sí i lọ́wọ́ títí dòní, èmi ni mo pa á. Láti ìgbà náà, kí n tó wọ diskpart mo ti yọ gbogbo ohun tó lè yọ lára ẹ̀rọ, mo sì máa ń fi ìka tọ iye GB náà lójú sìkirínì bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi tó ń ka A B D.

Torí náà ti Màmá Aláró, mo yọ díìsìkì wọn, mo gbé e sí ẹ̀gbẹ́ kan. Mo ní díìsìkì SSD kan ní ṣọ́ọ̀bù, mo fi ìyẹn sínú láptọ́ọ̀pù, mo ní kí n kọ́kọ́ fi Windows sórí èyí ná kí n lè mọ̀ bóyá ara ẹ̀rọ yá, tó bá yá tán n ó wá wo tiwọn. Ètò tó dáa nìyẹn. Mo mú fláàṣì tuntun tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rà, 64GB ni wọ́n kọ sára ẹ̀, mo ti lo Media Creation Tool, irinṣẹ́ Microsoft fúnra wọn, da Windows 11 sínú ẹ̀. Mo tẹ Esc, mo tẹ F9, mo mú fláàṣì, ó wọlé, lógò jáde, ó béèrè èdè, ó béèrè díìsìkì, ó rí SSD mi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó fáìlì. Nígbà tó dé ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún ó dúró. 0x80070570, pé fáìlì kan bàjẹ́ tàbí kò sí.

Mo tún un ṣe, ó tún kú. Mo ní SSD mi ni, mo pààrọ̀ ẹ̀, ó kú. Mo ní ráàmù ni, mo yọ ọ̀kan mo fi ìkejì sílẹ̀, ó kú, mo gbé èyí tó kù síbẹ̀, ó kú. Mo nu ẹsẹ̀ ráàmù pẹ̀lú rọ́bà ìpawé, mo fẹ́ atẹ́gùn sí i, ọmọ iṣẹ́ mi ń wò mí bí ẹni ń wo babaláwo tí ẹbọ ò fín. Wẹ́sìdeè lọ, Tọ́sìdeè lọ. Láàárín ìyẹn mo ní kí n tiẹ̀ wo díìsìkì màmá náà, mo so ó mọ́ kọ̀ǹpútà tèmi, ohun tí mo rí ni àgádágodo kan lórí ẹ̀, ó ní òun ò ṣí. Mo wá pa méjèèjì pọ̀ lórí ara mi, mo ní díìsìkì bàjẹ́, bọ́ọ̀dù náà bàjẹ́, páwà ló jó wọn pọ̀ lọ́jọ́ tí iná lọ. Mo sì pe màmá lórí fóònù mo sọ ọ́ fún wọn. Wọn ò bú mi o. Wọ́n kàn dákẹ́, wọ́n ní, "Ìwé gbèsè mi wà níbẹ̀, ọmọ mi." Ìdákẹ́ yẹn lé mi títí mo fi sùn.

Ọjọ́ Ẹtì ọ̀gá mi kọjá, wọ́n ń lọ kírun ni, wọ́n ní àwọn kàn fẹ́ kí mi. Mo ro ẹjọ́ fún wọn. Wọn ò fọwọ́ kan láptọ́ọ̀pù náà, ìbéèrè kan ni wọ́n bi mí, wọ́n ní, "Ṣé ibi kan náà ló ń kú sí nígbà gbogbo?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni sà, tó bá ti di ìdá 40 báyìí ni."

Wọ́n ní, "Ráàmù tó bàjẹ́ kì í mọ ibi kan. Á kú síbí lónìí, á kú sọ́hùn-ún lọ́la." Wọ́n nawọ́, wọ́n fa fláàṣì náà yọ, wọ́n ń jù ú sókè jù ú sódò nínú àtẹ́lẹwọ́. "Èló lo ra èyí?"

"Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta àbọ̀ sà."

"64GB? Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta àbọ̀?" Wọ́n wò mí. Wọn ò tún sọ nǹkan míì, wọ́n lọ kírun.

Mo dán fláàṣì náà wò pẹ̀lú H2testw, sọ́fútíwià ọ̀fẹ́ ni, ohun tó ń ṣe ni pé ó máa kọ nǹkan kún fláàṣì náà dẹ́nu, ó máa wá kà á padà wò bóyá ohun tó kọ ló rí. Ó pẹ́ gan-an, ó fi jẹ epo jẹnẹrétọ̀ tán. Èsì jáde: ohun tó dáa níbẹ̀ ò tó 4GB. Ìyókù, afẹ́fẹ́ ni. Àwọn tó ń ṣe irú fláàṣì bẹ́ẹ̀ máa ń yí ọpọlọ kékeré tó wà nínú ẹ̀ padà kó lè máa parọ́ fún kọ̀ǹpútà pé òun tóbi, tó o bá kó ẹrù sí i á ní òun ti gbà á, orúkọ fáìlì á hàn níbẹ̀, ìwọ̀n ẹ̀ á pé, ṣùgbọ́n inú ẹ̀ ṣófo. Windows 11 lódidi ju 5GB lọ. Àwọn fáìlì tó ń jẹ́ kó tan tó sì ń jẹ́ kó béèrè èdè kéré, wọ́n ti rí àyè, ìdí tó fi máa ń bẹ̀rẹ̀ dáadáa nìyẹn, fáìlì ńlá tí Windows gan-an wà nínú ẹ̀ ló bọ́ sínú afẹ́fẹ́. Nǹkankan ò ṣe ráàmù, nǹkankan ò ṣe bọ́ọ̀dù. Ọjọ́ méjì ni mo fi ń yọ eyín ẹni tí inú ń run.

Mo dá fláàṣì padà fún ẹni tó tà á fún mi? Ẹ má dá mi lóhùn. Ó ní a ò kọ gàráńtì fún ara wa.

Mo pe Màmá Aláró lálẹ́ ọjọ́ yẹn mo sọ òótọ́ fún wọn pé èmi ni mo ṣìnà, ẹ̀rọ yín ò kú. Mo wá béèrè ohun tó yẹ kí n ti béèrè ní Túsìdeè, mo ní, "Mọ́mì, nígbà tí àǹtí ra láptọ́ọ̀pù yìí fún yín, ṣé wọ́n fún yín ní nǹkan míì mọ́ ọn? Ìwé, fláàṣì, ohunkóhun?" Wọ́n ní kí n dúró ná. Mo ń gbọ́ tí wọ́n ń ru nǹkan lọ́wọ́, kíní kan ń dún wọ́ọ́rọ́wọ́. Wọ́n ní ó ní fláàṣì kan tí ọmọ wọn ní kí wọ́n tọ́jú kí wọ́n má fi kó orin, àwọn sì ti gbàgbé ẹ̀ sínú agolo mílíìkì tí àwọn ń kó abẹ́rẹ́ àti bọ́tìnnì sí. Ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó. Ti wa ò sí lápò ṣòkòtò, inú agolo mílíìkì ló wà.

Recovery drive ni, fláàṣì tí a fi ń tún Windows ṣe tàbí dá a padà tó bá bàjẹ́, ọmọ yẹn gbọ́n. Ẹ jẹ́ n yà bàrà díẹ̀ síbí, torí ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń pè é ní nǹkan kan náà pẹ̀lú fláàṣì tí a fi ń ínsítọ́ọ̀lù, kì í ṣe ọ̀kan náà. Ti ínsítọ́ọ̀lù, Windows láti ọ̀dọ̀ Microsoft ló wà nínú ẹ̀, ó lè wọ ẹ̀rọ ẹnikẹ́ni. Recovery drive, inú ẹ̀rọ tìrẹ gan-an lo ti máa ṣe é nígbà tí ara ẹ̀ ṣì yá, o máa kọ "recovery drive" síbi tí wọ́n ti ń wá nǹkan lórí Windows, á jáde, má yọ àmì tó wà níwájú ibi tó ti ní òun fẹ́ kó fáìlì Windows sínú ẹ̀. Tó o bá yọ ọ́, irinṣẹ́ àtúnṣe nìkan ló máa wà níbẹ̀, kò ní lè dá Windows padà. Fláàṣì 16GB ni wọ́n máa ń ní kí a wá, èmi ń lo 32GB. Gbogbo ohun tó bá wà nínú fláàṣì náà tẹ́lẹ̀ ló máa pa rẹ́, fọ́tò rẹ ò sì sí lára ohun tó máa kó, Windows nìkan ló ń kó. Dáradára tó tún ní ni pé dráfà ẹ̀rọ yẹn, ìyẹn sọ́fútíwià tó ń jẹ́ kí Windows mọ ẹ̀yà ara ẹ̀rọ lò, máa ń bá a wọlé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti bá àwọn láptọ́ọ̀pù Intel jẹnẹréṣọ̀n 11 sókè jà mọ ohun tí mò ń sọ, ẹ fi fláàṣì ínsítọ́ọ̀lù sí i, ó ní òun ò rí díìsìkì kankan, bẹ́ẹ̀ díìsìkì wà níbẹ̀ gbọingbọin, dráfà VMD ni ò sí, ẹ ní láti lọ gbé e sórí fláàṣì kẹ́ ẹ tẹ Load driver. Mo ti rí ẹni tó tìtorí ìyẹn ra SSD tuntun.

Sátidé, aago mẹ́wàá àárọ̀ kù díẹ̀, màmá gbé agolo náà wá lódidi, wọn ò tiẹ̀ yọ fláàṣì níbẹ̀. Mo ti dá díìsìkì wọn padà sínú láptọ́ọ̀pù. Mo fi fláàṣì sí i, Esc, F9. Ó béèrè kíbọ́ọ̀dù, mo mú un. Lójijì ó ní kí n tẹ nọ́ńbà méjìdínláàádọ́ta. BitLocker ni, ohun tí Windows fi ń ti díìsìkì pa. Ìgbà yẹn ló yé mi, àgádágodo tí mo rí ní Tọ́sìdeè kì í ṣe díìsìkì tó bàjẹ́, díìsìkì tó ń ṣọ́ ilé ni. Ẹni tó bá fi àkáǹtì Microsoft tò ẹ̀rọ tuntun, ọ̀pọ̀ ìgbà ẹ̀rọ náà máa tilẹ̀kùn díìsìkì fúnra ẹ̀, á sì fi kọ́kọ́rọ́ pamọ́ sínú àkáǹtì yẹn. Ká ní mo ti fi ìbínú pa gbogbo páàtíṣọ̀n ẹ̀ (àwọn ìpín orí díìsìkì) rẹ́ lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè, á ṣòro gan-an fún ọ̀gá èyíkéyìí láti wá nǹkankan padà níbẹ̀, Old Garage o, Èkó o.

Àkáǹtì ta ló wà lórí ẹ̀? Ti ọmọ tó wà ní Kánádà. Aago mẹ́wàá wa, aago mẹ́rin ìdájí ni lọ́dọ̀ wọn. Màmá ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n pè é lórí WhatsApp. Ohùn oorun ló kọ́kọ́ dáhùn, ẹ̀rù sì bà á, ó rò pé ẹnìkan ló kú. Màmá ní, "Kò sẹ́ni tó kú, láptọ́ọ̀pù ni, dìde." Ó wọ account.microsoft.com, ó rí orúkọ ẹ̀rọ náà, ó wá kọ́kọ́rọ́ yẹn kàn. Ó ń kà á fún wa ní mẹ́fà-mẹ́fà, ọ̀nà mẹ́jọ, màmá ń tún un sọ sókè lẹ́yìn ẹ̀, èmi ń tẹ̀ ẹ́, ọmọ iṣẹ́ mi ń kọ ọ́ sínú ìwé. Lójú ọ̀nà kẹfà nẹ́tíwọ̀kì já. A tún pè. Nígbà tó ṣí, màmá pàtẹ́wọ́ bíi pé wọ́n jẹ góòlù.

Mo kọ́kọ́ gbìyànjú Startup Repair, àtúnṣe tí Windows ń ṣe fúnra ẹ̀, kò rí nǹkan ṣe, ó kàn ń yí lójú kan. Mo wọ Command Prompt, ojú dúdú tí a ti ń tẹ àṣẹ. Kí n tó tún ohunkóhun ṣe mo kó ẹrù màmá jáde ná: tẹ́ ẹ bá tẹ notepad níbẹ̀ ó máa ṣí, ẹ lọ sí File, ẹ tẹ Open, ẹ yí i sí All Files, ẹ máa rí gbogbo fódà inú ẹ̀rọ náà lójú, ẹ lè kọ́pì kẹ́ ẹ sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ díìsìkì míì, ó lọ́ra díẹ̀ ṣùgbọ́n ó ń ṣiṣẹ́. Mo kó fódà bátànì, mo kó ìwé gbèsè. Màmá ní kí n ṣí ọ̀kan kí àwọn rí i. Mo ní kò lè ṣí níbí mà, ẹ gbà mí gbọ́. Wọ́n wo agolo, wọ́n wò mí.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo wọ diskpart, list volume. Ibí yìí ló máa ń ré ọ̀pọ̀ èèyàn bọ́, létà tí Windows ń jẹ́ níta lè má jẹ́ òun ló ń jẹ́ níbí, C tí ẹ mọ̀ lè ti di D. Ti màmá ti di D lóòótọ́. Mo wá páàtíṣọ̀n kékeré FAT32 tí kò ju 100MB lọ, ibẹ̀ ni fáìlì tó ń jẹ́ kí ẹ̀rọ tan ń gbé, mo sọ ọ́ ní S. Mo jáde, mo tẹ àṣẹ tó ń ṣe fáìlì BCD yẹn ní tuntun:

bcdboot D:\Windows /s S: /f UEFI

Ìlà kan péré ló dá mi lóhùn, pé òun ti ṣe fáìlì náà. Mo yọ fláàṣì, mo tan án. Ojú dúdú pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í ka Bísímílà nínú. Ó wá kọ ọ́ pé òun ń dá Windows ti tẹ́lẹ̀ padà, ó yí, ó tún tan lẹ́ẹ̀kan sí i, fọ́tò màmá pẹ̀lú àwọn ọmọ-ọmọ wọn jáde lójú sìkirínì. Windows 10 ni, bó ṣe wà kí iná tó lọ. Bátìrì tuntun la kọ́kọ́ rà kí a tó tún gbé e gun 11 lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ìyẹn ò ní wàhálà kankan, kò yẹ ká máa fi gígùn ẹ̀ da yín láàmú.

Nǹkan kan ṣoṣo ni mo tún ṣe, mo ṣe recovery drive míì fún wọn lẹ́yìn tó wọ 11, torí ti inú agolo yẹn, 10 ni yóò dá padà. Wọ́n ní kí n bá àwọn kọ nọ́ńbà BitLocker náà sínú ìwé, mo kọ ọ́, wọ́n ká a, wọ́n fi bẹ́líìtì rọ́bà so ó mọ́ fláàṣì, méjèèjì padà sínú agolo láàárín bọ́tìnnì.

Owó iṣẹ́ tí mo kọ́kọ́ dá, mi ò lè ní kí wọ́n san gbogbo ẹ̀, ìdajì ni mo gbà. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà wọ́n rán ọmọ kan sí mi pẹ̀lú àdìrẹ ọ̀pá méjì, aró ẹ̀ ṣì ń rùn. Fláàṣì òpùrọ́ yẹn ń bẹ lórí tábìlì mi, mo fi bírò kọ "MÁ FỌWỌ́ KÀN" sára ẹ̀, síbẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá mo bá ọmọ iṣẹ́ mi níbi tó ti ń fi da Windows fún ọmọ UNIOSUN kan. Ó ní 64GB ni òun rí lára ẹ̀.